Iná Ìdáná Màámi

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìyá mi pè mí lórí fóònù ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí n tó jáde lọ sí iléèwé. Kò dúró kí n kí òun tán tó fi sọ pé, "Sítóòfù yìí ti kú o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú. Ìdí rẹ̀ ló ń jò." Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí epo òyìnbó ti ń kán lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì gbé agolo mílíìkì síbẹ̀ kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́. Epo tó bá bọ́ sínú agolo náà, yóò dà á padà sínú sítóòfù, yóò ṣáná sí i, yóò sì máa se oúnjẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, àyà mi já. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná sí sítóòfù yẹn mọ́. Mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé." Ó dá mi lóhùn pé, "Kí ni kí n wá máa jẹ títí di Sátidé?"

Bí ọ̀rọ̀ yíyan ohun ìdáná ṣe di tèmi nìyẹn. Mo rò pé ìrìn ọjà ọjọ́ kan péré ni. Ó gba ọ̀sẹ̀ méje.

Mo jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, nítorí náà ẹ forí jì mí bí mo bá yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè kí n tó dé ọjà. Nínú kíláàsì mi, àpẹẹrẹ tí mo fi máa ń han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni ìdáná àti ìdána. Fi àmì òkè sí sílébù ìkẹyìn, ilé ìdáná ni o wà, níbi tí èéfín àti òórùn ọbẹ̀ wà; yọ àmì náà kúrò, o ti di ọkọ ìyàwó, ẹrù wà níwájú rẹ, àwọn àna sì ń wò ọ́ lójú. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbé ayé wa ṣe yí padà, kí ó ka orúkọ àwọn ohun tí a fi ń dáná láti ìgbà dé ìgbà: ààrò, àdògán tí a fi amọ̀ mọ, kólùpọ́ọ̀tù tí a fi irin ṣe fún èédú, sítóòfù, gáàsì. Àwọn babańlá wa fi ààrò pa òwe, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. N kò tíì gbọ́ òwe kankan tí a fi gáàsì pa. Bóyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni yóò pa á.

Ìyá mi ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, igi ló sì fi ń dáná níbẹ̀ títí ó fi lọ sí ilé ọkọ. Nígbà tó dé Agége ní ọdún 1979, tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkejà, sítóòfù olówùú ni ẹrù àkọ́kọ́ tí bàbá mi rà fún un. Ó máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé òun ti di ará Èkó. Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha, epo òyìnbó wọ́n bí imí eégún. Lẹ́búlẹ́bú pákó ló gbà wá nígbà náà. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni a máa ń gbé àpò lọ sí sọ́míìlì lọ kó o. Ìyá mi á gbé ìgò kan sí àárín garawa onírin tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ki lẹ́búlẹ́bú náà yí ìgò ká, á fi ọmọ ọlọ gún un kí ó le dáadáa, á wá rọra fa ìgò yọ. Ihò tí ìgò fi sílẹ̀ ni iná ń gbà jó láti ìsàlẹ̀. Sítóòfù Abacha ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé tó ti lé ní ogójì ọdún yóò rántí èéfín rẹ̀. Ẹ̀wà lè jinná lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò pọ́n bí ojú àparò.

Nígbà tí epo òyìnbó padà dé ọjà, ìyá mi padà sí ìdí sítóòfù rẹ̀. A ti kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá nígbà náà, ní ẹ̀yìn títì márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ọjà Ilé-Epo. Èrò ọjà náà pọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ oríta náà sì burú kí wọ́n tó ṣí afárá ibẹ̀ ní ọdún 2017. Ohun tí àlejò kò lè fi ojú rí ni páìpù epo ìjọba tó gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò wa kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó so Atlas Cove, Mósímì àti Èjìgbò pọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, páìpù náà gbaná. Àwọn olè ti dá a lu ní òru, wọ́n ti bu epo bẹntiróòlù tiwọn lọ, ó sì ń tú jáde. Epo wọ́n ní ìlú ní àkókò ọdún náà, nítorí náà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, garawa àti ike. Iná ṣẹ́ lójijì. Òkú tí wọ́n kà lé ní igba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì lè dá mọ̀ mọ́. Inú sàárè kan náà ni wọ́n sin púpọ̀ nínú wọn sí. Ọmọkùnrin kan ní ojúlé kẹta sí tiwa gbé kẹ́ẹ̀gì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ló bá ìyá rẹ̀ lọ wá a. Wọn kò rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, páìpù tún gbaná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ̀mí sì tún ṣòfò, ilé sì jóná. Kí n má baà sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ fojú inú wò ó: nígbà tí mo bá sọ fún ìyá mi pé kí ó gbé nǹkan tó ń jó bí afẹ́fẹ́ wọ inú ilé, kí ni ó ń rántí?

Síbẹ̀, epo òyìnbó tí ó fọkàn tán yìí náà ló jó o. Ní ọdún 2008, ó ra lítà mẹ́rin lọ́wọ́ alágbàtà kan ní àdúgbò. Bí ó ti ṣáná sí i, iná náà kò dúró lórí òwú; ó sáré wọ inú àgbá sítóòfù. Ìyá mi gbìyànjú láti gbé e jáde kí ilé má baà jó, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àpá náà wà ní apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ títí di òní. Ohun tó fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé, mo sì máa ń rọ àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Epo òyìnbó tó mọ́ kò lè tú oru tó ń gbaná sílẹ̀ àfi bí ó bá gbóná dé nǹkan bí 38 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo bẹntiróòlù, bí ó tilẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, oru rẹ̀ ṣì lè gbaná. Bí ẹnì kan bá da díẹ̀ nínú bẹntiróòlù mọ́ epo òyìnbó, yálà nítorí èrè tàbí nítorí pé ọkọ̀ agbépo kan náà ló gbé méjèèjì, sítóòfù ti di àdó olóró. Ojú kò lè dá a mọ̀.

Mo sọ èyí fún un ní ọjọ́ Sátidé náà. Mo ní, "Màámi, ẹ̀ ń bẹ̀rù gáàsì, epo òyìnbó ló sì jó yín." Ó wo apá rẹ̀, ó ní, "Epo òyìnbó, mo lè fi ojú rí i. Bí ó bá dà sílẹ̀, mà á fi aṣọ nù ún. Ta ló rí gáàsì rí?" N kò ní èsì gidi fún ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà. Mo kàn sọ pé gbogbo ayé ló ń lò ó, èyí tí kì í ṣe èsì.

Owó ni mo tún fi dá a lẹ́jọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2016, ìjọba ń sọ pé 50 náírà ni lítà epo òyìnbó kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ekukáká ni ará Abúlé Ẹ̀gbá fi ń rí i rà ní iye bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 2023 fi máa parí, lítà kan ti lé ní 1,000 náírà. Ìyá mi àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń jó lítà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Sìlíńdà gáàsì oníkílò 12.5 ń lọ fún iye tó lé díẹ̀ ní 11,000 náírà ní àkókò náà, ó sì lè mú wọn dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo kọ ìṣirò náà sẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, mo fi hàn án. Ó ní òun kò sọ pé epo òyìnbó kò wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi obìnrin pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Peckham ló ń gbé, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá wa. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìràkurà fún Màámi. Èmi ni mà á san owó rẹ̀. Ẹ ra ńlá, olójú mẹ́fà, tó ní ọ́fùùnù nísàlẹ̀. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tí wọ́n ti ń lóṣòó nídìí sítóòfù." Mo gbọ́ ẹkún díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní àbúrò ní òkè òkun yóò mọ irú ohùn yẹn: kì í ṣe sítóòfù nìkan ló fẹ́ rà. Kò tíì wálé láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa.

Nítorí náà, mo jáde lọ wá olójú mẹ́fà.

Ní àwọn ilé ìtajà tó wà lọ́nà Agége, wọ́n tò wọ́n bí posí tuntun, wọ́n ń dán gbinrin. Èyí tó fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà lé ní ìdajì mílíọ̀nù náírà. Ó ní iná inú ọ́fùùnù, ó ní aago, ó ní irin tí a fi ń yí adìyẹ po lórí iná. Ọmọkùnrin tó ń tà á bi mí pé, "Alàgbà, ṣé ti ilé àbí ti òtẹ́ẹ̀lì?" Mo ní ti ìyá mi ni. Ó tẹrí ba, ó ní ìyá mi bímọ. Ìyìn náà wọ̀ mí lára díẹ̀, n kò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n nípa àwọn nǹkan báyìí. Ní ọdún 2016, mo ra tòkunbọ̀ olójú mẹ́rin fún ilé mi ní Ìyànà-Ìpájà. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, kò sì ní àbùkù kankan lójú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdí gbogbo ìkòkò ìyàwó mi dúdú bí ẹni fi igi dáná. Iná rẹ̀ ga, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì gbóná tó bó ṣe yẹ. Oṣù méjì kọjá kí ẹnì kan tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gáàsì ìṣẹ̀dá ló ń gba inú páìpù wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, methane ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí à ń rọ sínú sìlíńdà níhìn-ín, propane àti butane ni. Agbára tiwa pọ̀ ju ti wọn lọ, nítorí náà ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde lábẹ́ ojú iná gbọ́dọ̀ kéré ju ti wọn lọ. Ẹni tó tà á fún mi kò pààrọ̀ rẹ̀, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín. Iná tó dára máa ń ṣe búlúù, kì í pariwo, kì í sì í fo kúrò lórí ojú rẹ̀.

Ó dùn mí pé láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990 ni páìpù gáàsì ìṣẹ̀dá ti ń wọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní agbègbè Ìkejà wa yìí. Ẹ̀rọ ń jẹ ẹ́, bọ́ílà ń jẹ ẹ́. Kò tíì dé ilé ìdáná ìyá mi.

Ti iná mànàmáná kò gba àríyànjiyàn. Àbúrò mi dábàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bi í bóyá ó ti gbàgbé àdúgbò wa. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele kìíní, ìyẹn Band A, sí 225 náírà fún wákàtí kílówáàtì kan. Òpópónà ìyá mi kò sí ní ìpele náà.

Kólùpọ́ọ̀tù tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ìyá mi ń lò ní gbogbo àkókò yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo rántí ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Aboyún 324 tó ń fi igi tàbí epo òyìnbó dáná ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, apá kejì sì ń bá tiwọn lọ. Ìfúnpá àwọn tó gba sítóòfù tuntun náà dára ju ti àwọn yòókù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri àgbáyé. Mo máa ń ka irú iye yẹn, n kì í sì í mọ ohun tí mà á fi ṣe. Ikọ́ ìyá mi ní aago márùn-ún ìdájí, mo mọ ohun tí mà á fi ṣe.

Mo pinnu láti fi gáàsì hàn án kí ó tó rà á. Ní ọjọ́ Sátidé kejì oṣù Kejìlá, mo mú un wá sí ilé mi ní Ìyànà-Ìpájà. Mo ní kí ó wá ro àmàlà fún wa. Mo ti sọ fún àbúrò mi kí ó dúró lórí fóònù kí ó lè máa wò wá.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ìyá mi kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Tòkunbọ̀ mi ga ní 90 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí a gbé ìkòkò omi lé e, ẹnu ìkòkò náà dé àyà ìyá mi. Omi hó. Ó da èlùbọ́ sí i, ó mú omorogùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn. Àmàlà kì í ṣe ọbẹ̀ tí a kàn ń fi síbí rò. Bí ó bá ti ń le, ìwọ̀n ara ẹni la fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá mi kò lè tẹ ohun tó wà ní àyà rẹ̀. Ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó wò yí ká, ó rí àpótí tí ìyàwó mi fi ń jókòó bó ẹ̀gúsí, ó fà á wá, ó sì gùn ún. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí àpótí, pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́, ìkòkò tó ń hó níwájú rẹ̀. Ìyàwó mi sáré dì í lẹ́yìn mú. Èmi di ìkòkò mú, ó jó mi lọ́wọ́.

Láti inú fóònù ni a ti gbọ́ tí àbúrò mi ń kígbe pé, "Màámi, ẹ sọ̀kalẹ̀! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀!"

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, ó jókòó lórí àpótí tó gùn lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ìkòkò mú pẹ̀lú aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ro àmàlà náà tán ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ogún. Kò ní kókó kan. Ó wá gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Ìwọ ni o rò pé lílóṣòó ni ìyà náà."

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àkíyèsí, mo ti béèrè iye owó, mo ti ka ojú iná, mo ti wo àwọ̀ rẹ̀, n kò wọn ìyá mi rí. Ọgbọ́n inú ara rẹ̀, tó fi ogójì ọdún ó lé kọ́, ní ìsàlẹ̀ ló wà: àpótí, ẹsẹ̀ méjì, ìkòkò láàárín. Sítóòfù olówùú bá ọgbọ́n náà mu nítorí pé kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn tó ṣe olójú mẹ́fà, obìnrin mìíràn ni wọ́n ní lọ́kàn, tó ga, tó ń dúró, tó ń yan kéèkì. N kò bú wọn. Kì í ṣe ìyá mi ni wọ́n ṣe é fún ni mo ń sọ. Nígbà tí mo bi í kí ni yóò fi ọ́fùùnù ṣe, ó ní òun ti rí ti ọ̀rẹ́ òun kan. Abọ́ àti ọ̀rá ló kó síbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, a ra olójú méjì tí a ń gbé lé orí tábìlì, ó sì sún mọ́ 60,000 náírà. Ohun méjì ni mo tẹnu mọ́ níbi tí a ti rà á. Èkíní, irin orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì fẹ̀ tó ìkòkò àmàlà. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní ọmọ irin kékeré tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tó bá tutù nítorí pé atẹ́gùn tàbí omi ọbẹ̀ pa iná, yóò dí ọ̀nà gáàsì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó pọ́ọ́kú kò ní in. Ẹni tó ń tajà ní òun kò tíì rí ẹni tó béèrè rẹ̀ rí. Mo ní kí ó ṣáná sí i, lẹ́yìn náà kí ó fẹ́ iná náà pa lẹ́nu. A dúró díẹ̀, a gbọ́ "kò" lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi bi mí pé kí ni ìyẹn. Mo ní, "Ó ti ilẹ̀kùn ni." Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta ló ní kí wọ́n tún un ṣe.

Bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ pèpéle kan ní ilé ìdáná rẹ̀, kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ó sì fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ méjèèjì lè ráyè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ewu gáàsì wà. Gáàsì inú sìlíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; bí ó bá jò, kì í gòkè lọ gba ojú fèrèsé jáde, ilẹ̀ ló ń rá kiri bí omi tí ojú kò rí. Nítorí náà, a dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, a fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. A gbé sìlíńdà síta lẹ́yìn ilé, wẹ́dà ṣe àgọ́ onírin fún un, họ́ọ̀sì sì gba inú ògiri wọlé. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi kànrìnkàn pa á yí gbogbo oríkèé rẹ̀ ká. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tó ń ṣe é ló ń fi nǹkan kan tó ń jẹ́ ethyl mercaptan sí i, kí imú lè mọ ohun tí ojú kò rí. Mo sì fi ìfófòó kékeré kan hàn án ní ibi tí mo mọ̀ọ́mọ̀ tú díẹ̀, kí n tó dè é padà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Òun rèé." Ojú rẹ̀ ti rí i. Mo rò pé ìfófòó yẹn ṣe ju gbogbo ìṣirò mi lọ.

Àmàlà ni ó kọ́kọ́ rò lórí rẹ̀. Àbúrò mi wà lórí fóònù. Nígbà tó rí ìyá wa lórí àpótí, tó tún lóṣòó síbi tó ti ń lóṣòó láti ọjọ́ tó ti dáyé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún olójú mẹ́fà, ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ó wálé ní àkókò Àjíǹde ọdún 2024, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá. Kò tún sọ̀rọ̀ sítóòfù mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí orúnkún dùn ún lórí àpótí náà.

N kò sọ pé gbogbo nǹkan ti tò. Kí ọdún 2024 tó dé àárín, sìlíńdà oníkílò 12.5 ti lé ní 15,000 náírà, bẹ́ẹ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, díẹ̀ ló fi lé ní 4,000. Ìyá mi tún ti lọ ra kólùpọ́ọ̀tù, ó gbé e sí ìta, ẹ̀wà àti ọmọrí màlúù ló ń sè lórí rẹ̀. N kò bá a jà. Sítóòfù àtijọ́ náà kò kúrò ní ilé. Ó da epo inú rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí mo bi í ìdí, ó ní ṣé mo rò pé bàbá mi ni òun ó jù síta.

Ní alaalẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, fóònù mi máa ń dún. Kì í kí mi, kì í béèrè àwọn ọmọ. Ó máa ń sọ pé, "Mo ti pa á nídìí, mo ti pa á lórí. Mo gbóòórùn wò, kò sí nǹkan kan. Ó dàárọ̀."